Ebi Alágbàfọ̀

Kò sí ilé tí wọn kì í purọ́ nípa oúnjẹ. Ilé mìíràn á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á jáde síta, wọ́n á máa tayín bí ẹni tó jẹ ẹran. Ilé mìíràn á jẹ ẹran, wọ́n á yára nu ẹnu kí aládùúgbò má baà wọlé. Irọ́ tilé káfíńtà yàtọ̀. Tiwọn ni pé ìyàwó ilé kì í jẹun. Ìyàwó náà sì nìyí, bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí ìta. Gbogbo wọn mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, kò sẹ́ni tó béèrè.

Ọjọ́bọ̀ ni ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni obìnrin náà ń ṣe nílé ìwòsàn ńlá kan. Òun ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń lọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti se ìrẹsì, ó ti din ẹyin mẹ́rin. Ó gbé ẹyin kan lé ìrẹsì ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó gbé ọ̀kan lé ti ọmọbìnrin rẹ̀, ó gbé méjì lé ti ọkọ rẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún wọn ní pálọ̀, ó padà sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó dúró síbẹ̀, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́ tí kò lómi.

"Ìyàwó," ni ẹ̀gbọ́n káfíńtà wí, "o ò ní jẹun?"

Opó ni ẹ̀gbọ́n náà, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló ń gbé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tẹ́ẹ́rẹ́.

"Òní ni ọjọ́ àwọn dókítà, Àǹtí. Wọ́n ní kí n má fi nǹkan kan sẹ́nu."

"Òní nìkan kọ́. Lánàá, dókítà ò pè ọ́, o ò jẹun." Ó bu ìrẹsì sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ dáadáa, ó gbé e mì. "Èmi tí mò ń jẹ, mo dà bí igi ìgbálẹ̀. Ìwọ tí o kì í jẹ, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ fẹ̀ sí i. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé sí ọ lára."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín sínú àwo rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ó ṣáà rẹ́rìn-ín.

Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti mọ ìgbà tó yẹ kí òun rín in.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà kò ṣòro. Wọ́n ń wá àwọn tó sanra, kí wọ́n wá máa mu kọfí, kí àwọn wá mọ̀ bóyá kọfí lè dín ebi kù lára wọn. Ìyẹ̀fun gbòǹgbò kan ni wọ́n ń pò mọ́ kọfí náà. Nọ́ọ̀sì ti là á yé alágbàfọ̀ pé inú èèyàn kò lè da ìyẹ̀fun yẹn. Bó ṣe wọlé ló ṣe máa dé ìfun, àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń ṣe ara lóore ló sì máa jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tí alágbàfọ̀ mú àlàyé yìí délé, ẹ̀gbọ́n káfíńtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kòkòrò inú ìyàwó àwọn ti ríṣẹ́ ìjọba, dókítà ló ń bọ́ ọ; kí ló wá kù fún ẹni tó ni inú?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni alágbàfọ̀ ti lọ. Òní ni yóò ṣe ìkẹta, tí yóò sì parí.

"Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́," ni ẹ̀gbọ́n káfíńtà wí, ó kọjú sí ọmọbìnrin ilé. "Kọfí yẹn ń ṣiṣẹ́. Wo ìyá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló mu ún, ebi ti sá fún un. Àbí ìwọ kọ́ lo sọ ọ́, ìyàwó?"

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà ń wo ìrẹsì rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, torí pé nígbà náà kò ju ẹja kan lọ. Orúkọ náà kò kúrò lára rẹ̀, ara ló kúrò nínú orúkọ. Lóṣù tó kọjá ló lọ wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan nígboro. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ó mọ̀wé, ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, àmọ́ òun kò ní aṣọ iṣẹ́ tó máa gba irú rẹ̀. Kó lọ, kó padà wá tí aṣọ náà bá ti lè gbà á. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó tún fún un ní omi mu.

"Pẹ́lẹ́ńgẹ́, jẹun," ni ìyá rẹ̀ wí.

"Mo ti yó, Màámi."

Ìrẹsì náà wà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Wọn ò tíì fọwọ́ kan ẹyin orí rẹ̀. Alágbàfọ̀ wo àwo, ó wo ọmọ. Ètè ọmọ náà funfun, ìka rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ó wo agogo, ó pa ẹnu dé. Ó fi àwo mìíràn bo oúnjẹ náà, ó ní kó jẹ ẹ́ tó bá yá, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ó ń di ọṣẹ ni. Alágbàfọ̀ tó ń fi ọṣẹ jẹun kò ṣàìmọ ìyẹn.

Nídìí ẹ̀rọ omi, ó bá obìnrin tó ń ta èédú láàárín àdúgbò. Eléèédú ń pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì, kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ ti ń lọ mu kọfí yín?"

"Mò ń lọ."

"Ẹ bá mi bu díẹ̀ bọ̀."

Alágbàfọ̀ wo ọrùn obìnrin náà, egungun méjì ló yọ níbẹ̀ bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Ìwọ? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Àwọn ọmọ ni mo fẹ́ fún. Bí ebi bá lè máa sá fún wọn lọ́sẹ̀ tí èédú ò bá tà, ṣé ìyẹn ò dáa?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín.

"Ẹ má ṣèyọnu," ni Eléèédú tún wí, "oníkẹ́míìsì ti ń ta irú ẹ̀. Ó ti po tiẹ̀, ó ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n sí ọ̀rá. Ó ní ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ti ọsibítù. Ó ní ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí sí i."

"Èmi?"

"Ó ní ẹ ní ebi kì í pa yín mọ́. Tàbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀?"

Alágbàfọ̀ tún báàgì ṣe léjìká. Ó ní ọkọ̀ yóò fi òun sílẹ̀.

*

Yàrá tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn náà wà lókè, ó mọ́, ó tutù. Àwọn mẹ́fà ló wà níbẹ̀, obìnrin mẹ́rin, ọkùnrin méjì, wọ́n tò wọ́n yí ògiri ká, ojú ń wo ojú. Àga ibẹ̀ kéré. Ẹni tó bá jókòó, á fi ìdí kan jókòó, á fi ẹsẹ̀ gbé ìyókù.

Nọ́ọ̀sì gbé ife wá fún wọn. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń mu ún, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ife kan, kọfí lásán ni. Nínú òmíràn, kọfí àti ìyẹ̀fun gbòǹgbò. Nínú ẹ̀kẹta, omi tí wọ́n ṣe kó jọ kọfí, tí kì í ṣe kọfí. Wọn kì í sọ èwo ni wọ́n gbé fún èèyàn. Ti òní korò, ó sì ki díẹ̀. Alágbàfọ̀ mu ún tán, ó dúpẹ́.

Lẹ́yìn tí ìdajì wákàtí kọjá, nọ́ọ̀sì pín ìwé. Ìlà gbọọrọ kan ló wà lórí ìwé náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, wọ́n kọ ọ́ pé ebi kò pa mí rárá. Ní òpin rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ebi ń pa mí, mi ò lè mú un mọ́ra. Kí kálukú fa àmì sí ibi tó bá wà láàárín méjèèjì.

Alágbàfọ̀ wò yíká. Gbogbo ojú wà nílẹ̀. Ó fa àmì rẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà pẹ́kípẹ́kí, bí ó ṣe fà á lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ó ṣe fà á lọ́jọ́ kejì.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fọkanáísà ni, dúdú rọ́bà táyà ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ìyá, ibo lẹ fa tiyín sí?"

"Ìbẹ̀rẹ̀."

"Èmi náà." Ó fi ìwé bo ẹnu. "Ká sọ òótọ́, ìlà wọn ló kúrú. Tèmi ì bá dé géètì."

Nọ́ọ̀sì dé iwájú alágbàfọ̀. Ọ̀dọ́ ni, ó níwà, ojú rẹ̀ fi hàn pé kò sùn. "Ṣé ebi ń pa yín báyìí, Màmá?"

"Rárá o, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Ohùn ẹni tí wọ́n fi àga lọ̀ nílé onílé ló fi dáhùn. Bó sì ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, inú rẹ̀ kùn, ó kùn gùn, gbogbo yàrá gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Fọkanáísà ń wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀ ń ṣe dáadáa gan-an, Màmá," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó di agogo mẹ́wàá, wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwo ńlá ni, búrẹ́dì, ẹyin, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ti wọn gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó gbé e wọlé, wọ́n á sì wọn àjẹkù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n á fi yó, kò sí ẹni tó ń wò wọ́n. Fèrèsé onígíláàsì kan wà lápá ọ̀tún, dókítà méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tó bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó jẹ àwo tán, wọ́n á ní ara rẹ̀ yá. Ẹni tó bá sanra, tó jẹ àwo tán, wọ́n á ní àwọn ti mọ̀. Tó bá sì ṣẹ́ ẹ kù, wọ́n á ní ó fi ìyókù pa mọ́ ibì kan. Alágbàfọ̀ jẹ ṣíbí mẹ́rin. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Inú ilé tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó gbé ṣíbí lélẹ̀. Ó ti àwo náà síwájú díẹ̀.

"Ó tó, Màmá?"

"Mo ti yó. Ẹ ṣé gan-an ni."

Wọ́n gbé e lọ wọ̀n.

Ó ku ìwé kan tí wọ́n máa fún wọn lẹ́yìn wákàtí kan, kí kálukú tó máa lọ. Ibi tí wọ́n ti ń dúró dè é ni ọmọ iṣẹ́ kan láti yàrá ìfọṣọ ti yọ orí wọlé.

"Ìyá, wọ́n ń wá yín nísàlẹ̀. Wọ́n gbé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé."

*

Orí kẹ̀kẹ́ èédú ni wọ́n fi gbé e. Ó ṣubú ní balùwẹ̀, ẹ̀gbọ́n káfíńtà kò lè dá a gbé, Eléèédú ló da èédú sílẹ̀ láàárín ọ̀nà tó sì tì í wá. Nítorí náà, nígbà tí alágbàfọ̀ wọ wọ́ọ̀dù, tó rí ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí apá àti aṣọ rẹ̀ dúdú, ó kọ́kọ́ rò pé iná ló jó o. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Èédú ni," ni Eléèédú wí. "Èédú lásán ni, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń mí."

Wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ so omi mọ́ ọwọ́ ọmọ náà. Ojú rẹ̀ là. Dókítà obìnrin kan dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn?"

"Ó jẹun láàárọ̀ yìí," ni ẹ̀gbọ́n káfíńtà dáhùn kíákíá. "Ìrẹsì àti ẹyin. Ìyá rẹ̀ ló gbé e fún un."

Dókítà wo alágbàfọ̀.

"Kò jẹ ẹ́," ni alágbàfọ̀ wí.

"Lánàá ńkọ́?"

"Búrẹ́dì ló gé jẹ. Díẹ̀."

"Ọjọ́ tó ṣáájú ìyẹn?"

Kò mọ̀. Ìyá tó mọ iye ẹyin tó wà nínú ilé kò mọ̀.

Eléèédú wo ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ó wò ó pẹ́. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ki ọwọ́ sínú àyà aṣọ rẹ̀, ó fa ọ̀rá kan yọ, ó fi í lé dókítà lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun dúdú ló wà ní ìdajì rẹ̀. Dókítà tú u, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Kọfí ló pọ̀ jù níbí. Ìyókù, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń mu ún lóòjọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún," ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ dáhùn láti orí ìrọ̀rí.

"Ta ló rà á fún ọ?"

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ń wo fèrèsé bí ẹni pé ẹnì kan pè é níta.

Dókítà kò tún béèrè. Ó ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lọ sílẹ̀ púpọ̀, àyà rẹ̀ sì ń sáré. Omi tí àwọn so mọ́ ọn gbé e dìde, àmọ́ omi kì í ṣe oúnjẹ. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun, díẹ̀díẹ̀, kó má jẹ ẹ́ yó lẹ́ẹ̀kan. Bí agogo méjì bá lù tí kò tíì jẹ nǹkan kan, àwọn máa ki rọ́bà gba imú rẹ̀ dé inú ikùn. Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó kọjá sí bẹ́ẹ̀dì kejì.

Agogo méjìlá ti kọjá nígbà náà.

Káfíńtà dé. Eruku pákó wà lórí rẹ̀, kúlà oúnjẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrẹsì àárọ̀ àti ẹran tó kù láti àná ló dà jọ síbẹ̀, torí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè gbé wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba kúlà náà, ó bu oúnjẹ sáwo, ó gbé ṣíbí dé ẹnu ọmọ.

"Gbà, ọmọ mi. Gba ẹyọ kan."

"Mo ti yó, Àǹtí."

"O yó kẹ̀? Kí lo jẹ?"

Ọmọ náà pa ẹnu dé. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà fi ṣíbí kan ètè rẹ̀, ètè kò là. Ó gbé ṣíbí padà sáwo, ó yí sí alágbàfọ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ọ. Lẹ́nu rẹ ló ti gbọ́ ọ. Mo ti yó, mo ti yó, ní gbogbo ọjọ́ ayé."

"Àǹtí, ta ló ra ọ̀rá yẹn?"

"Èmi ni mo rà á. Mo sọ ọ́ báyìí. Ọmọ náà ń sunkún torí iṣẹ́, o fẹ́ kí n máa wò ó? Ṣé èmi ni mo tún sọ fún gbogbo àdúgbò pé ebi sá fún mi? Ohun tí o sọ ni mo gbàgbọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́," ni káfíńtà wí. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ìwọ ńkọ́? Tí mo bá ń fi ìyàwó rẹ ṣe yẹ̀yẹ́, ta ló ń rẹ́rìn-ín?"

Káfíńtà gbọn eruku pákó kúrò ní orúnkún rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n pẹ́ ju bí eruku náà ṣe pọ̀ tó.

Alágbàfọ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì náà dún, ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì wò ó. Ó gbá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fi àtàńpàkò nu èédú.

"Jẹun, Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Wọ́n máa ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nímú."

Ọmọ náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin mu ún, ebi ò pa yín mọ́. Èmi mu ún lẹ́ẹ̀mejì, ebi ń pa mí. Mo mu ún lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pa mí. Mo mu ún lẹ́ẹ̀marùn-ún, mi ò lè sùn, ó tún ń pa mí. Mo rò ó pé èmi ni mo burú. Ẹ̀yin ẹ lè kó ara yín níjàánu, èmi ò lè kó ara mi."

Alágbàfọ̀ ń nu èédú. Ó ti kúrò níbi tó ti ń nù ún tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ti mọ́, ó tún padà síbẹ̀.

Bó ṣe ń nù ún lọ́wọ́ ni nọ́ọ̀sì òkè wọlé, ó di fáìlì máyà. Ó bẹ̀bẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun gbọ́ nípa ọmọ náà, ó dun òun, àmọ́ ó ku ìlà kan ṣoṣo, tí kò bá sí, ti gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà á bàjẹ́. Ó na ìwé àti bírò.

"Ṣé ebi ń pa yín báyìí, Màmá?"

Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ọkọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ, Eléèédú, àwọn aláìsàn méjìlá àti àwọn tó wá wò wọ́n. Alágbàfọ̀ kò gba bírò.

"Ebi ń pa mí," ló wí.

"Báyìí?"

"Báyìí. Láàárọ̀ tí ẹ béèrè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wá, àti lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí mo ní ó tó, kò tó. Tí mo bá délé, mo máa ń ha ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, màá kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn, màá jẹ ẹ́ lóòró."

Nọ́ọ̀sì wo fáìlì náà, ó wo obìnrin náà. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Màmá?"

"Lójú èèyàn márùn-ún lẹ ti bi mí, ọmọ mi, dókítà méjì sì wà lẹ́yìn gíláàsì. Irú mi, kí n ní ebi ń pa mí?"

"A ò tíì mọ̀ bóyá kọfí náà ń lé ebi tàbí kò lé e. Àwa gan-an ò mọ̀. Ìdí tá a fi ń bi yín nìyẹn." Ó gbójú sókè. "Àwọn tó kù lókè ńkọ́?"

"Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn."

Nọ́ọ̀sì kò kọ nǹkan kan. Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó rìn jáde, kò rìn kíákíá bó ṣe rìn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń wo alágbàfọ̀ bí ẹni tó ń wo ilé tó ti gbé fún ọdún púpọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yàrá kan níbẹ̀.

"Irọ́ ni," ni ọmọ náà wí láti orí ìrọ̀rí.

"Kí ni irọ́?"

"Torí kí n lè jẹun lẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí yín rí kí ẹ jókòó jẹun."

Òótọ́ lọ́mọ náà sọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ń rò ó, ó ń wá ọjọ́ kan, kò rí i.

Agogo orí ògiri wọ́ọ̀dù ti lé díẹ̀ ní agogo kan ààbọ̀. Alágbàfọ̀ na ọwọ́.

"Àǹtí, ẹ gbé àwo yẹn fún mi."

Wọ́n gbé e fún un. Ó gbé e lé itan. Ó mú ṣíbí, ó bu ìrẹsì náà kún, ó fi sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì wà lára ọmọ rẹ̀. Kò fi ọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin kan ní bẹ́ẹ̀dì kejì sọ fún arábìnrin rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì kéré tó: "Ẹ wo èyí, oúnjẹ aláìsàn ló ń jẹ." Arábìnrin rẹ̀ rẹ́rìn-ín ní imú. Ọwọ́ alágbàfọ̀ dúró láàárín àwo àti ẹnu. Ó wo ìrẹsì tó wà nínú ṣíbí. Ó jẹ ẹ́.

Ó jẹ ẹyin náà. Ó jẹ ìyókù ìrẹsì, ó fi ẹ̀yìn ṣíbí kó ẹyọ tó lẹ̀ mọ́ etí àwo, ó jẹ ìyẹn náà. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ lọ, kò gbọ́ obìnrin bẹ́ẹ̀dì kejì mọ́. Ó na àwo òfìfo náà sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Ẹ̀gbọ́n káfíńtà ṣí kúlà. Ó bù ú, ó tún bù ú, ó fi ẹran tó wà nísàlẹ̀ kúlà lé e lórí, ó gbé e fún un. Alágbàfọ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà ń wò ó. Ó ń wo àgbọ̀n ìyá rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ó gbé itọ́ mì.

"Màámi."

"Mm."

"Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún mi."

Alágbàfọ̀ kò dá jíjẹ dúró. Ó sún mọ́ ìrọ̀rí, ó gbé àwo náà sí àárín àwọn méjèèjì, ó bu díẹ̀ sórí ṣíbí, ó nà án. Ètè ọmọ náà là. Ó jẹ ẹ́ pẹ́ kó tó gbé e mì. Ìyá rẹ̀ gba ṣíbí, ó bu tirẹ̀, ó tún nà án sí ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ẹnì kan á dúró de ẹnì kejì, torí pé ṣíbí kan ṣoṣo ló wà.

Káfíńtà dìde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kejì kọjá, kò wo ẹnikẹ́ni, ó jáde lọ wá ṣíbí mìíràn.